Béèrè Lọ́wọ́ Wọn Pé Ínǹṣì Mélòó Ni

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì fẹ́ lọ lo ìsinmi létí òkun, èmi ò sì sí lára àwọn tó ń bá yín lọ. Inú mi dùn, àyà mi sì tún já. Bàbá rẹ ní kí n fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀, pé ọmọ ọdún 24 kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ èyí kí n lè rí oorun sùn.

Ṣé o rántí ìrìn àjò tá a lọ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún 13? Mo ti pe òtẹ́ẹ̀lì yẹn ṣáájú, mo ní, "Ṣé ẹ ní yàrá tó gba ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn, tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́?" Wọ́n ní, "Ó wà, mà." Nígbà tá a débẹ̀, yàrá fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ò ju ínǹṣì 24 lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni bàbá rẹ fi ń gbé ọ wọlé, tó ń gbé ọ jáde. Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni pé lọ́jọ́ kejì, mo bu omi sínú ife láàárọ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ife yẹn ṣì kún dẹ́nu. O ò mu ún, kó o má baà ní ìdí láti pe bàbá rẹ. Èmi sì wà nísàlẹ̀ níbi tí mo ti ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má bínú sí wa. Kí ni mo jẹ wọ́n gan-an?

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè tí mo bi wọ́n lọ́jọ́ náà, òun gan-an ló ṣì mí lọ́nà. Má béèrè bóyá ó wà. Béèrè iye tó jẹ́. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ńkọ́, nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn tán, ínǹṣì mélòó ló kù? Ìlànà ìkọ́lé Amẹ́ríkà ní kò gbọ́dọ̀ dín sí 32, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tìrẹ ni kó o wọ̀n. Báwo ni bẹ́ẹ̀dì ṣe ga tó? Àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé? Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í ka àtẹ̀gùn ẹyọ kan sí nǹkan kan, á ní kò sí àtẹ̀gùn rárá, "àfi ẹyọ kan péré." Ẹyọ kan péré yẹn ló máa ń dá wa dúró síta! Tí wọ́n bá ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ wá. Bó bá fi ínǹṣì kan ga, ó yẹ kó fi 12 gùn. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá yẹn gan-an ni wọ́n pa mọ́ dè ọ́, torí wọ́n lè gbé e fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé.

Ní ti ọkọ̀ òfurufú, sọ fún wọn kó tó ku wákàtí 48, kó o sì yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. WCHC ni tìrẹ, ìyẹn àmì táwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú fi ń mọ ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn rárá. Ẹni tó kọ WCHR sí i lọ́jọ́sí sọ ọ́ di ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo sì lo fi jókòó sínú ọkọ̀ fún odindi wákàtí kan lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti sọ̀ kalẹ̀. Tú tìmùtìmù àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kúrò lára kẹ̀kẹ́, gbé wọn dání wọlé, kó o sì ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ kó o tó fà á lé wọn lọ́wọ́. Lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, ẹrù ni wọ́n ka kẹ̀kẹ́ rẹ sí, bí àpótí aṣọ. Owó gbà-má-bínú rẹ̀ sì ní ààlà, àfi tó o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, nígbà tó o ń fà á lé wọn lọ́wọ́, iye tó jẹ́ gan-an. Ẹsẹ̀ ọmọ mi, ẹrù!

Bó bá ṣeé ṣe, wá ọkọ̀ ńlá tó ní ọ̀nà méjì láàárín ìjókòó. Nínú èyí tó ní ọ̀nà kan, tọ́ílẹ́ẹ̀tì kì í sábà gbà ọ́. Mo mọ ohun tó máa wá sí ọ lọ́kàn. Má fi òǹgbẹ pa ara rẹ.

Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ní kẹ̀kẹ́ onítáyà ràbàtà tí wọ́n fi ń rìn lórí iyanrìn. Táwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ gbé ọ, ìwọ ni kó o sọ bí wọ́n ṣe máa gbé ọ, kì í ṣe àwọn.

Bàbá rẹ ti fi téépù ìwọ̀n kékeré sínú àpò ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, bu omi kún ife kan, mu ún tán, kó o wá ya fọ́tò ife náà ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ