Lẹ́tà sí ẹni tó fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí etí ìwé tí mo rà ní Yábàá

Ẹ̀yin tí mi ò mọ̀,

Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni yín tàbí obìnrin, mi ò sì mọ ọjọ́ orí yín. Ẹ̀yin ni mo máa pè yín, torí pé ẹni tó bá ti ka ìwé ṣáájú mi, ẹ̀gbọ́n mi ni nínú ìwé náà.

*Curtain* ni ìwé ọ̀hún, èyí tí Agatha Christie fi parí ìtàn Hercule Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú àwọn ìwé rẹ̀. ₦1,500 ni mo rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí táápólì nítòsí Tẹ̀júoṣó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ẹnì kan ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ṣí i tí mo rí ọwọ́ yín: lẹ́tà kéékèèké tó fún mọ́ra, Yorùbá tí kò ní àmì lórí. Ẹlòmíràn náà kọ̀wé síbẹ̀, báírò búlúù lòun lò. Ẹni yẹn ò ní sùúrù rárá. Kò tíì ka ogún ojú ewé tó fi kọ ọ́ pé ìtàn náà ń falẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì pe Hastings, ọ̀rẹ́ Poirot tó ń sọ ìtàn náà, ní òmùgọ̀. Ẹ̀yin fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ síbẹ̀ pé, "Ẹ rọra. Ìyàwó rẹ̀ kú láìpẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi fẹ́ràn yín.

Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí tí kò tíì ka ìwé náà, kó dúró níbí ná, torí mo máa sọ ibi tó parí sí.

Ẹ ó rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Poirot ti darúgbó, làkúrègbé ti mú un mọ́lẹ̀, àga onítáyà ni wọ́n fi ń tì í kiri, ọkàn rẹ̀ ò sì lágbára mọ́. Ilé Styles ló wà, ilé kan náà tí ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní 1920. Ilé náà ti di ilé àlejò báyìí. Ó ránṣẹ́ pe Hastings, ó ní apànìyàn kan wà láàárín àwọn tó ń gbé ibẹ̀. X ló pe orúkọ rẹ̀. Ẹjọ́ ikú márùn-ún ló ti ń ti ọwọ́ X wá, síbẹ̀ kò fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Á jókòó ti èèyàn, á mọ ibi tó ń dùn ún, á sì máa tẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí onítọ̀hún á fi dìde lọ ṣe ohun tí kò jẹ́ ṣe láyé.

Òdìkejì omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí Tinúbú, mò ń tẹ ìwé fún àwọn lọ́yà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tẹ ìwé ẹ̀rí àti ìwé ìbúra. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń béèrè: ta ló mú ọ̀bẹ, ta ló rí i, aago mélòó ni. Bí ẹnì kan bá wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó jọ pé ìmọ̀ràn rere ló ń fúnni, kí ni ẹlẹ́rìí fẹ́ wá sọ? Ìdí nìyí tí ìwé yìí fi dẹ́rù bà mí ju ìwé tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ lọ.

Mo ti rí X rí. Mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan, mo yà sí Ìdúmọ̀tà láti ra bàtà iléèwé fún ọmọ mi. Ohùn kan ké pé, "Olè!" Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọmọkùnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, rí i pé gbogbo ojú kọjú sí òun, ó sá. Sísá yẹn ló dá a lẹ́bi. Mo rí ẹni tó ké. Àpò ìrẹsì òfìfo kan wà ní abíyá rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó wò yíká, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan, ó lọ. Kò na ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń na ọmọ yẹn gan-an ò mọ ohun tó jí, mo gbọ́ tí ọ̀kan ń bi èkejì. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀ kí ìyá aláta kan tó já wọ àárín wọn, tó dùbúlẹ̀ lé ọmọ náà lórí. Gèlè rẹ̀ ti já, omi ata wà lára ìró rẹ̀, ó ń ké pé kí wọ́n kúkú sun òun náà mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn tó rọ̀. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà ọmọ mi nínú láílọ́ọ̀nù, mi ò ṣe nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọkùnrin alápò yẹn ni mò ń rí bí mo bá fẹ́ sùn. Ká ní wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́ nígbà yẹn, mi ò mọ ohun tí mi ò bá ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé òpin ìwé, níbi tí Poirot ti yìnbọn lu X níwájú orí, tí mo rí i pé ẹ kọ síbẹ̀ pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ló rán an," ó yé mi. Ẹ tẹ pẹ́ńsù náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já. Ẹni báírò búlúù kọ "Rárá" sí abẹ́ rẹ̀, kò ṣàlàyé. Ẹni báírò búlúù ni mo gbè lẹ́yìn, mo sì fẹ́ ṣe àlàyé tí kò ṣe.

Poirot fúnra rẹ̀ ò sọ ohun tí ẹ kọ yẹn. Ẹ padà ka ìwé tó kọ sílẹ̀ de Hastings, èyí tó tẹ Hastings lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá ohun tí òun ṣe tọ́ tàbí kò tọ́. Ó gbé oògùn ọkàn rẹ̀ jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ pé Ọlọ́run ló rán òun kì í gbé oògùn jìnnà sí ara rẹ̀. Ẹ tún wò ó síwájú sí i: nínú gbogbo àwọn tó ń gbé ilé yẹn, Poirot ló kórìíra ìpànìyàn jù, òun náà ló gbé ìbọn. X rí i mú bó ṣe rí àwọn yòókù mú. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Ẹni tó bá ka ìwé yìí nìkan lè má rí i bẹ́ẹ̀. Ìwé ńlá 33 ni obìnrin yẹn kọ nípa Poirot, láì ka àwọn ìtàn kéékèèké mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti bá a rìn jìnnà ti mọ irun imú rẹ̀, ó ti mọ bó ṣe ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan gún régé, ó sì ti gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́ léraléra pé òun ò fara mọ́ ìpànìyàn. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni Christie sì ti kọ òpin yìí, tó fi pa mọ́ títí di 1975. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìwé ìròyìn New York Times gbé ìròyìn ikú Poirot sí ojú ewé àkọ́kọ́, bí ẹni pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni.

Kò yà mí lẹ́nu. Bàbá mi ló fi ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀ mí, *Àjà Ló Lẹrù* ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969, ló sì kọ́kọ́ fún mi. Bí Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà, bá ti fẹ́ wọ ibi tí ewu wà, bàbá mi á ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, á ní, "Má wọ ibẹ̀, ìwọ ọmọ yìí!" Ìwé tó ti kà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni o.

Mo ti fi pẹ́ńsù kọ tèmi sábẹ́ "Rárá" yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa dá ìwé náà padà sọ́dọ̀ ọkùnrin orí táápólì, mi ò ní gba owó, bóyá ẹ máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Níbi tí Hastings ti fẹ́ fún ọkùnrin tó ń fa ojú ọmọbìnrin òun mọ́ra ní májèlé, tí Poirot fi oògùn oorun sínú ṣokoléètì Hastings kó má bàa lè ṣe é, ẹ kọ síbẹ̀ pé, "Bàbá mi náà ì bá ṣe é."

Ta ló dá wọn dúró?