Ìwé tí a ó jọ gbọ́ lóṣù yìí

Ẹ̀yin ọmọ Obòkun, ẹ kú iṣẹ́ o.

Stay With Me ni a ó gbọ́, ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ. Ó jáde ní 2017. Adjoa Andoh ló kà á fún gbígbọ́. Iléṣà wa níbí ni púpọ̀ nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láyé ìjọba ológun. Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe irun, kò tíì bímọ, ni ẹbí ọkọ bá mú ìyàwó kejì wọlé. Mo dákẹ́ níbẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ìyàwó ilé rí, ẹ ó sọ púpọ̀!)

Ẹ lè máa gbọ́ ọ bí ẹ ti ń ṣa ẹ̀wà, tàbí ní ìsọ̀ lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà. Bó bá jẹ́ iyán lẹ ń gún, ẹ dá a dúró ná. Kí dátà má bàa tán lójijì, ẹ gbà á sórí fóònù ṣáájú.

Ẹ̀yin ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì kò rọ̀ lọ́rùn, ẹ wá bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn àbúrò yóò máa sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá.

Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti máa ń jókòó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán, jọ̀wọ́, má sọ ìparí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.