Ìdí tí àpò ẹ̀wà fi ń bá lẹ́ńsì gígùn jáde ní ṣọ́ọ̀bù wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú ọyẹ́ o.

Àsìkò tí ẹ máa ń wá yá lẹ́ńsì gígùn lọ sí ọgbà ẹranko ti dé, ìbéèrè méjì kan náà ló sì ń jẹ yọ. Kí ló dé tí a fi ń kó àpò aṣọ tí ẹ̀wà wà nínú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́ńsì lẹ sanwó rẹ̀? Kí ló sì dé tí lẹ́ńsì ò fi ní jáde àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi ya lékeléke níwájú wa? Fọ́tò bàìbàì tó ń ti ọgbà ẹranko bọ̀ ti pọ̀ jù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀bi lẹ́ńsì.

Lẹ́ńsì 400mm ń fa ẹyẹ súnmọ́ ni, àmọ́ bó ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Iye mílímítà tó wà lára lẹ́ńsì ni kí ẹ fi pín ìṣẹ́jú àáyá kan: 400mm, 1/400 ni shutter yín, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí, kò gbọdọ̀ lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí wà fún ẹyẹ tó dúró jẹ́ẹ́ o. Ẹ̀gà tó ń hun ìtẹ́ kì í dúró, 1/1000 ló ń mú un. Àwòdì tó ń rá bàbà lókè, 1/2000. Tí ẹ bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa yan gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀, tó bá di ìdájí tí ojúmọ́ ò tíì là dáadáa, á yan 1/125, ẹ̀ka igi á mọ́ kedere, ẹyẹ orí rẹ̀ á sì dà bí èéfín. Ẹ yí i sí S tàbí Tv, ibi tí ẹ ti lè yan shutter fúnra yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín yan 1/1000, kí ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, gòkè dé 3200. Fọ́tò á ní hóró díẹ̀, ẹ má fòyà. Kọ̀ǹpútà lè dín hóró kù. Ojú ẹyẹ tí kò yọ, kò sí ohun tó máa yọ ọ́ mọ́.

Ìdí rèé tí a fi ń lo lékeléke. Ẹyẹ tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ yìí kò wọ́n nílùú, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ padà síbi tí wọ́n ń sùn. Bí ó bá fò kọjá níwájú igi dúdú, kámẹ́rà á rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á tan ìmọ́lẹ̀ kún un, lékeléke á sì di abala bébà funfun tí kò ní ìyẹ́ kankan. Ẹ fi bọ́tìnì +/- dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -1, ìyẹ́ á jáde. Ẹyẹ dúdú tó wà lójú ọ̀run, òdìkejì ni: +1. Nínú ogún fọ́tò tí ẹ bá yà, tí ojú ẹyẹ bá mọ́ nínú márùn-ún, a óò di lẹ́ńsì fún yín.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ dánra wò ní Igbó Ọ̀ṣun, ẹ béèrè owó kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì gbàṣẹ kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni tó wá bọ. Ọdẹ ṣíṣe jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀, nítorí náà àwọn ọ̀bọ inú igbó náà kì í sábà sá fún èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wọn. Ọ̀bọ tó bá ti mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ni oúnjẹ ń gbé, kámẹ́rà ni yóò já gbà lọ́jọ́ mìíràn.

Ó wá ku àpò. Inú mọ́tò ni ẹ ti máa ya èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò yín, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò sì ráyè dúró níbẹ̀. Kíjìpá la fi rán àpò náà torí aṣọ tó fẹ́lẹ́ máa ń ya lẹ́nu gíláàsì. Kílò méjì ẹ̀wà gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, a ò sì rọ ọ́ kún. Àpò tó bá kún dẹ́múdẹ́mú á le bí òkúta, lẹ́ńsì á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀ títí yóò fi ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ gbé àpò lé e, kí ẹ fi ìkúùkù tẹ àárín rẹ̀. Ẹ̀wà á pín sọ́tùn-ún sósì, apá kan á rọ̀ síta, apá kejì á rọ̀ sínú, kòtò á sì wà láàárín fún lẹ́ńsì. Ìrẹsì náà dára. Gàrí kò dára, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń yọ láti inú aṣọ wọ oríkèé lẹ́ńsì. Iyanrìn burú jù: hóró kan péré tó bá wọlé, tí ẹ bá yí lẹ́ńsì, ẹ óò gbọ́ ọ kẹrẹkẹrẹ. Ẹ sì ní kí dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì pátápátá, torí gbígbọ̀n rẹ̀ ń gba ara ilẹ̀kùn wọ inú àpò.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, láti December sí April. Lásìkò òjò, koríko á ga ju èèyàn lọ, omi á sì wà níbi gbogbo, ẹranko ò ní ìdí láti wá sétí odò. Old Oyo National Park fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó; ẹni tó bá ń wá ẹfọ̀n, ìjímèrè, awó tàbí àparò kò ní láti jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Erinmi ni àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ sí ọgbà ẹranko Kainji, ní odò Oli, tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó sanwó mọ́tò, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì Old Oyo National Park nílùú Ọ̀yọ́ ibi tí wọ́n ń gba àlejò sí lọ́wọ́lọ́wọ́ àti ẹ̀ṣọ́ tó máa bá yín rìn. Ibi tó bá ní kí ẹ má dé, ẹ má dé ibẹ̀, fọ́tò yòówù kó wà níbẹ̀.

Ẹ ti wà lọ́nà kí oòrùn tó yọ. Tó bá fi máa tó nǹkan bí aago mẹ́wàá, ilẹ̀ á ti gbóná, afẹ́fẹ́ á máa jó lójú koríko, ẹtu tó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà á dà bí ohun tó wà nínú omi. Lẹ́ńsì olówó ńlá ò lè gbà yín níbẹ̀. Ẹ sinmi di aago mẹ́rin. Tó bá jẹ́ yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lẹ sùn, ẹ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e jáde, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí omi má bàa sẹ̀ sójú rẹ̀. Bátìrì méjì, káàdì 64GB méjì, ó tó.

Tí ẹ bá dé, ẹ má fi aṣọ nu lẹ́ńsì, ẹ má sì fẹnu fẹ́ ẹ. Eruku ọyẹ́ ń ha gíláàsì tí wọ́n bá nù ún ní gbígbẹ. Ẹ gbé e wá tòun ti eruku rẹ̀, a óò fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ lójú yín, a ò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.