Lẹ́tà sí Bàbá mi lórí iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé Kátólíìkì ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì

Detroit, Michigan
Ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì kí Màmá àti gbogbo ará ilé. Ara wa le níbí, àwọn ọmọ sì ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ní àwọn Sísítà bẹ̀ yín kí ẹ wá bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kátólíìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe fún orílẹ̀-èdè wọn nígbà ogun Hitler. Mo ti wádìí rẹ̀ dé ibi tí agbára mi mọ, mo sì rí ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, ìyá arúgbó kan tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́ mi. Ilé-ìwé girama Kátólíìkì kan ní àríwá ìpínlẹ̀ Michigan ni ó wà lọ́dún 1944.

Ọ̀dọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà, kí oṣù náà sì tó parí ni Edward Mooney, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Detroit níbí, ti kọ̀wé sí Ààrẹ Roosevelt lórúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kátólíìkì ìgbà náà jẹ́ ọmọ àwọn tí ó ti Ireland, Poland, Italy àti Jámánì wá, ó sì pẹ́ tí àwọn aládùúgbò kan ti ń fura sí wọn pé Póòpù ni wọ́n ń sìn ju orílẹ̀-èdè lọ. Mo gbà pé èyí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ilé-ìwé wọn fi gbogbo ara ṣe iṣẹ́ ogun náà.

Owó ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìjọba ń ta bọ́ǹdì ogun: ẹni tí ó bá san dọ́là 18.75 yóò gba dọ́là 25 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nítorí pé apá ọmọdé kò ká irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ṣe sítáḿpù olówó kékeré, tí ọmọ yóò máa rà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé pélébé kan. Bí sítáḿpù sẹ́ǹtì 25 bá pé 75 nínú rẹ̀, ìwé kún nìyẹn, wọn yóò sì fi gba bọ́ǹdì kan. Màmá arúgbó tí mo ń tọ́jú yìí ṣì ní ọ̀kan tí kò kún lọ́wọ́. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì rí i pé àwòrán àgbẹ̀ kan tí ó gbé ìbọn dání ni ó wà lára sítáḿpù kọ̀ọ̀kan. Ó ní Sísítà kíláàsì àwọn ni ó máa ń gba owó náà lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, owó oúnjẹ ọ̀sán sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń rà á.

Wọ́n tún kó irin àlòkù, bébà àti ọ̀rá tí ó ṣẹ́kù nínú àwo ìdáná, nítorí pé wọ́n ń yọ èròjà àdó olóró nínú ọ̀rá. Àwọn ọmọkùnrin fi igi gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké, wọ́n sì kùn wọ́n ní dúdú, kí àwọn ọmọ ogun lè fi kọ́ bí a ṣe ń dá ọkọ̀ ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni. Ìdajì mílíọ̀nù irú rẹ̀ ni àwọn ológun ojú omi béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-ìwé lọ́dún 1942.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Màmá yìí sọ títí tí ojú rẹ̀ fi mọ́lẹ̀ ni ti inú igbó. Ẹ mọ irun funfun tí ń bẹ nínú èso àràbà: òun ni wọ́n ń kì sínú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí atukọ̀ rì sínú omi, láti erékùṣù Java ni wọ́n sì ti ń rà á. Nígbà tí Japan gba Java lọ́dún 1942, ọ̀nà dí. Ìjọba wá rí i pé ewéko kan tí ó hù káàkiri Michigan ní irú irun bẹ́ẹ̀ nínú èso rẹ̀. Ìbátan bọmubọmu wa ni, èyí tí àwọn Fúlàní fi ń ṣe wàrà, oje funfun sì ń bẹ lára òun náà. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1944, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde láti lọ já a. Màmá yìí ní oje náà a máa lẹ̀ mọ́ àwọn níka títí di alẹ́, àpò alùbọ́sà ni àwọn ń kó o sí, àwọn a sì fi kọ́ ara ọgbà kí ó lè gbẹ kí ọkọ̀ tó wá gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Petoskey. Wọ́n sọ fún wọn pé àpò méjì tó láti gba ẹ̀mí ẹnìkan là. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà nínú ọkọ̀ ojú omi ogun ní gbogbo ìgbà yẹn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń lé e lọ sí oko.

Bàbá, ibí yìí ni mo ti rántí Ìyá Àgbà. Ẹ̀yin ni ẹ sọ fún wa pé nígbà ogun yẹn kan náà, wọ́n a máa pa èkùrọ́ ní ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù nítorí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Japan gba Malaya àti Java, ibẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti pàdánù epo àti rọ́bà, ni wọ́n bá yíjú sí wa. Ogun kan náà, ìpàdánù kan náà, ni ó rán Ìyá Àgbà lọ sídìí èkùrọ́ tí ó sì rán Màmá yìí lọ sínú igbó Michigan. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbọ́ èyí, kí wọ́n má baà rò pé ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ni ó ran ogun náà lọ́wọ́.

Ẹ má sì fi èyí tí ó korò pamọ́ fún wọn. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, Kátólíìkì àti ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì, ra sítáḿpù bíi ti àwọn yòókù, síbẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí a yà sọ́tọ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti jà. Ọdún 1948 ni Ààrẹ Truman tó pàṣẹ pé kí ó dópin. Ní Detroit yìí gan-an, ènìyàn 34 ni ó kú nínú rògbòdìyàn àwọ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1943, aláwọ̀ dúdú sì ni 25 nínú wọn. Nílé wa, nígbà tí àwọn ọmọ King's College ní Èkó fi ẹ̀hónú hàn lọ́dún 1944 nítorí pé wọ́n gba ibùgbé wọn fún àwọn sójà, ṣe ni wọ́n fi ipá mú àwọn kan nínú wọn wọ iṣẹ́ ológun. Lójú tèmi, ó tọ́ kí ọmọ já èso, kí ó pa èkùrọ́, kí ó sì fi sẹ́ǹtì rẹ̀ ra sítáḿpù, níwọ̀n ìgbà tí àgbà bá ń ṣírò fún un ohun tí wọ́n fi ṣe. Kí a fi ìbọn jẹ ọmọ ilé-ìwé níyà nítorí pé ó sọ̀rọ̀ ni n kò lè gbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi Ìyá Kékeré léèrè bóyá wọ́n ń wọn èkùrọ́ náà kí wọ́n tó gbà á, àti bóyá ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ fún wọn. Màmá yìí ni ó bi mí, mo sì ṣèlérí pé n óò mú èsì wá fún un.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Táyọ̀ àti ìyàwó wọn. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́