Àwọn Ọmọbìnrin Selofehadi Mọ Ohun Tí Wọ́n Ń Béèrè

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àlàáfíà fún yín.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni ayé ń rántí ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn nílùú Paris. Abala 30 ni ó ní, ó sì wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Bí ti Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Gbogbo ènìyàn ni a bí ní òmìnira, iyì àti ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba.” Ẹni tó bá ti ka orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí Ọlọ́run ti dá akọ àti abo ní àwòrán ara rẹ̀, mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ lè wà nínú ìwé títí, kí ọwọ́ ẹni tó ni ín má tó o. Bí a ṣe ń rìn ín títí yóò fi tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò láti inú Númérì orí 27.

Selofehadi, ará ẹ̀yà Mánásè, kú sí aginjù láìní ọmọkùnrin. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ márùn-ún, Mahila, Nóà, Hogila, Milika àti Tirsa, rí i pé bí a bá ń pín ilẹ̀, ilé baba àwọn kò ní rí nǹkan kan gbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Wọn kò gbé ẹjọ́ wọn káàkiri àgọ́. Àwọn márààrún jọ lọ dúró níwájú Mósè, Eliasari àlùfáà, àwọn olórí àti gbogbo ìjọ, ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ àjọ, níbi tí a ti ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ là á yéni pé baba àwọn kò bá Kórà dìtẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìyẹn dí wọn lọ́nà. Wọ́n sọ ìpalára tó wà níbẹ̀, pé orúkọ baba àwọn yóò parẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo, pé kí a fún àwọn ní ìní láàrin àwọn arákùnrin baba àwọn. Mósè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú OLÚWA, OLÚWA dá wọn láre, ó sì sọ ọ́ di òfin fún gbogbo Ísírẹ́lì.

Ibẹ̀ ni a sábà máa ń parí ìwàásù sí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Jóṣúà orí 17. Mósè ti kú, ilẹ̀ ti di pínpín, àwọn obìnrin yìí sì tún ní láti tọ Eliasari àti Jóṣúà lọ, kí wọ́n rán wọn létí àṣẹ OLÚWA. Òfin ti wà, síbẹ̀ bí wọn kò bá padà lọ, ta ni yóò fún wọn?

Irú ọ̀nà yìí ni àwọn ìyá wa tọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyàwó àlùfáà, àti àwọn obìnrin tó kàwé kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, wọ́n sì jọ di ẹgbẹ́ kan. Ìjọba ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ obìnrin kan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n yẹ ìṣirò owó ìjọba ìbílẹ̀ wò, wọ́n kọ̀ láti san án, nígbà tó sì di ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sùn síwájú ààfin. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké fi orí oyè sílẹ̀. A dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n ṣe ìkéde Paris nígbà náà. Àwọn ìyá wa kò dúró dè é.

Àwọn kan nínú yín ti sọ fún mi pé onígbàgbọ́ kì í jà fún ẹ̀tọ́, pé kí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún sùúrù wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí a na Pọ́ọ̀lù ní Fílípì láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó kọ̀ láti yọ́ jáde, ó ní kí àwọn adájọ́ fúnra wọn wá mú òun jáde, nítorí ará Róòmù ni òun. Mo lè dárí ji ẹni tó gbá mi létí. N kò ní àṣẹ láti dákẹ́ lórí etí tí wọ́n gbá fún aládùúgbò mi.

Orí kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni a kọ àwọn ẹ̀tọ́ tiwa sí. Abala 35 ni mo fẹ́ kí a dì mú, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ń mú ẹkún wá sí ilé mi jùlọ. Ó ní ẹni tí a bá mú gbọ́dọ̀ rí ìdí rẹ̀ gbà ní kíkọ sílẹ̀ láàrin wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Bí ilé ẹjọ́ tó yẹ bá sì wà láàrin kìlómítà 40, láàrin ọjọ́ kan ni a ní láti gbé e dé ibẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn kà á léèwọ̀ láti mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Síbẹ̀ a ṣì ń ti ìyá mọ́lé nítorí ọmọ tó sá lọ. Abala 46 fún ẹni tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí láyè láti gba ilé ẹjọ́ gíga lọ.

Nítorí náà, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ọjọ́rú, àwọn agbẹjọ́rò inú ìjọ wa yóò ka orí kẹrin náà pẹ̀lú wa, wọn yóò sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹni tí a bá ti mú dípò ẹlòmíràn rí, kí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n gbé e lọ, bí ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó, àti owó tí wọ́n gbà kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni béèlì. Kí ó fi lé akọ̀wé ìjọ lọ́wọ́. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ àti Ẹgbẹ́ Baba Ìjọ yóò fọwọ́ sí ìwé kan sí DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè wa, ohun kan ṣoṣo ni a ó sì béèrè nínú rẹ̀: kí a má ṣe mú ẹnikẹ́ni dípò ẹlòmíràn mọ́. Bí a kò bá rí èsì títí oṣù Kìíní yóò fi parí, a ó mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá, èmi fúnra mi yóò sì bá yín lọ.