Ẹ̀sùn Lórí Ajá Mi Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Nígbà Tí Àìsàn Kọlù Mí

Kubwa, Abuja
14 Oṣù Kẹrin, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ni tọ́jú ajá àti ológbò,
Gwarinpa, Abuja.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí nítorí ọwọ́ ọ̀tún mi kò tíì lè di bíírò mú dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sọ ọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pátá, tèmi ni. Oníbàárà yín ni mí láti oṣù kìíní ọdún 2024. ₦18,000 ni mò ń san lóṣooṣù kí ẹ lè wá gbé ajá mi tí àìsàn tàbí ikú bá dé bá mi, n kò sì jẹ gbèsè oṣù kankan rí. Nígbà tí mo san ti oṣù kẹta ọdún yìí, ó pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ₦270,000 lápapọ̀. Ẹ̀sùn ni mo mú wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá mi. Ọkọ mi ló gbé e bọ̀ láti Jos ní 2014, nínú páálí bisikíìtì, ọmọ kékeré tí kò tíì mọ oúnjẹ jẹ. Nígbà tí ọkọ mi ṣaláìsí ní 2019, ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni ajá yìí ń sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí wà ní Kánádà. Èmi olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àti ajá ọmọ ọdún mọ́kànlá, àwa méjì ló kù nínú ilé. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín kò ju báyìí lọ: bí n kò bá sí ńlé, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un?

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ní mò ń fẹnu ara mi pe ikú. Mo ní rárá o. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa yìí mọ ibi tí ajá tí kò lólówó máa ń já sí, kò jìnnà sí ìkòkò àwọn tó ń se ẹran ajá tí wọ́n ń pè ní 404 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí. Mo lọ bá lọ́yà. Ó ṣàlàyé fún mi pé dúkìá ni òfin ka ajá sí, bí àga, bí mọ́tò, nítorí náà èèyàn kò lè fi owó jogún fún ajá. Èèyàn bíi tèmi ni n óò dárúkọ, òun ni n óò fi ajá lé lọ́wọ́, òun náà ni n óò fi owó ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ó tún ní kí n má gbọ́kàn lé ìwé ìpíngún nìkan, torí wọ́n lè sin òkú tán, kí ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sì kọjá kí wọ́n tó ṣí ìwé náà kà. Ajá á ti fẹ́ jẹun lálẹ́ ọjọ́ tí olówó rẹ̀ kú.

Ibẹ̀ ni ètò yín ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ìwé pélébé tí òṣìṣẹ́ yín fún mi sọ̀tàn Leona Helmsley, obìnrin olówó ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2007, tó fi mílíọ̀nù 12 dọ́là sílẹ̀ nítorí ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Trouble, tí adájọ́ sì gé e sí mílíọ̀nù 2. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ìtàn náà pé kò dìgbà tí èèyàn bá ní irú owó yẹn, pé kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé tí àìsàn tàbí ikú bá dé, ẹ óò ti gbé ajá náà. Mo gbà yín gbọ́. Mo fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Mo kọ orúkọ àti nọ́ńbà àbúrò mi tó wà ní Ìlọrin sí fọ́ọ̀mù, mo sì kọ oògùn oríkèé tí Tanímọ̀la ń lò síbẹ̀: ààbọ̀ lálaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta, mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé ni apá ọ̀tún mi ṣàdédé kú mọ́ mi lára. Mo fẹ́ pariwo, ohùn kò jáde. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ Tanímọ̀la tó ń gbó, tí kò dákẹ́, òun ló jẹ́ kí aládùúgbò mi wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n sáré gbé mi lọ sí ọsibítù. Ilẹ̀kùn pa dé, kọ́kọ́rọ́ mi sì wà lórí ìṣó nínú kíṣìnì. Wọ́n ti fi àgádágodo ti géètì ẹ̀yìnkùlé kí ajá má bàa sá tẹ̀ lé mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ kan tó kù, ọwọ́ yín ló wà.

Nọ́ọ̀sì rí káàdì yín nínú báàgì mi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni aládùúgbò mi pè yín. Òṣìṣẹ́ yín dá a lóhùn pé ẹni tó ni ajá gbọ́dọ̀ pè fúnra rẹ̀, láti orí nọ́ńbà tó fi forúkọ sílẹ̀. Aládùúgbò mi ní, "Màmá ò lè sọ̀rọ̀, ẹnu wọn ti wọ́." Òṣìṣẹ́ yín ní, "Kò burú, kí wọ́n pè wá tí ara wọn bá yá." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè, èsì kan náà ló gbà.

Ọ̀gá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó wò. Torí ọjọ́ tí n kò ní lè sọ̀rọ̀ ni mo ṣe san owó, ẹ wá ní àfi tí mo bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni n kò fi lè pe orúkọ ara mi.

Lọ́jọ́bọ̀, àbúrò mi pè yín láti Ìlọrin. Ẹ bi í bóyá mo ti kú. Ó ní rárá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ ní tí n kò bá tíì kú, abala àìsàn inú fọ́ọ̀mù yín lọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, èmi ni kí n pè. Tó bá jẹ́ abala ikú ni, kó mú ìwé ẹ̀rí ikú mi wá. Ìwé ẹ̀rí ikú mi, nígbà tí mo ṣì ń mí! Òun ló ń kọ lẹ́tà yìí, nígbà tí a dé ibí yìí, ó gbé bíírò sílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àlàfo wà láàárín abala méjèèjì yẹn, inú àlàfo náà ni ẹ fi ajá mi sí.

Ẹ̀yin náà mọ oòrùn oṣù kẹta l'Abuja. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n ló ń yọ síta tó fi ń mí hẹlẹ láti lé ooru jáde, omi sì ni ẹ̀mí rẹ̀ lásìkò yẹn. Ẹni tó gba Tanímọ̀la là ni máígádì wa, ọmọ Katsina. Oṣù Ramadan ni, ó ń gbààwẹ̀. Ó máa ń ṣọ́ra fún itọ́ ajá nítorí àlùwàlá rẹ̀, láti ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò rí i kó fọwọ́ kan Tanímọ̀la rí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó bù nínú túwó àti ọbẹ̀ kúkà tó fẹ́ fi ṣínu, ó dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ó fi igi gígùn tì í wọlé lábẹ́ géètì. Abọ́ omi kò gba abẹ́ géètì kọjá. Ló bá gé ìdí jálá kan, ó so okùn mọ́ ọn, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí ògiri. Títí ẹ fi dé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó já àgádágodo, ó kọ̀, ó ní tí ajá yìí bá bọ́ síta tó ń wá màmá kiri, a ò ní rí i mọ́. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àbúrò mi wọ mọ́tò wá sí Abuja, ó wá sí ọ́fíìsì yín, ó fi fọ́tò mi hàn yín lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú rọ́bà nímú. Ìgbà yẹn lẹ tó gbà. Lọ́jọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta, lẹ lo kọ́kọ́rọ́ mi.

N kò ní purọ́ mọ́ yín: ọmọkùnrin tó ń bọ́ àwọn ajá lọ́dọ̀ yín, ọmọ dáadáa ni. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ń pe Tanímọ̀la lórúkọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fún un níwèé tí mo kọ oògùn sí. Nígbà tí ajá padà délé ní 23 oṣù kẹta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́. Eégbọn sì kún etí rẹ̀. Nínú etí òsì nìkan, àbúrò mi yọ mẹ́tàdínlógún, ó ń jù wọ́n sínú kẹrosíìnì. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin, kò jẹun, èrìgì rẹ̀ ti funfun, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. Dókítà ẹran ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn máa ń kó ran ajá ni. ₦46,500 ni mo san. Ẹ kì í gba ajá láìrí káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, mo yìn yín fún ìyẹn, torí bí àìsàn yẹn bá ti fara hàn, kò sóògùn rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ara àwọn ajá fún eégbọn pẹ̀lú, kí ẹ tó kó wọn pọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ dá owó dókítà yẹn padà fún mi, pẹ̀lú owó oṣù kẹta. Ohun tó jẹ mí lógún jù ni fọ́ọ̀mù yín. Ẹ pa abala méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tí oníbàárà bá dárúkọ, tàbí ti nọ́ọ̀sì, tàbí ti aládùúgbò, tó láti mú yín gbéra. Ẹ lọ gbé ajá ná, kí ẹ tó béèrè ìwé. Bó bá wá já sí irọ́, ẹ dá a padà lọ́jọ́ kejì, kò sóhun tó bàjẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá dúró de ìwé, tó sì jẹ́ òótọ́, òkú ajá lẹ óò bá. Ẹ sì máa pe àwọn tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, kí ẹ mọ̀ bóyá nọ́ńbà wọn ṣì ń lọ.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tí a ṣe lásìkò, tí a sì ṣe bó ṣe yẹ. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, n óò gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, wọn kò jìnnà sí wa.

N kò sọ pé mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ọ̀pá ni mo ṣì fi ń rìn, dókítà sì sọ fún mi pé irú ẹ̀ lè tún ṣẹlẹ̀. Bí a ṣe ń kọ èyí, Tanímọ̀la gbé orí lé ẹsẹ̀ mi tí kò mọ nǹkan kan lára, kò sì fẹ́ kí n dìde. Mo nílò ètò yìí báyìí ju ọjọ́ tí mo buwọ́ lù ú lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ pe àbúrò mi. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lójú ìwé kejì fọ́ọ̀mù tí mo fún yín, láti oṣù kìíní ọdún 2024 ló ti wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Kubwa.