Sí Àdùkẹ́, Lórí Ojú Tí Wọ́n Ní Kó O Tún Ṣe

Àdùkẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́. O ní ọ̀gá yín ní kó o fi kọ̀ǹpútà fẹ imú olóṣèlú yẹn, kó o sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí àwọn alátakò rẹ̀ lè rí nǹkan lẹ̀ mọ́ ògiri. O ní gbogbo ayé ló ń ṣe é. Lóòótọ́ ni. Wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi.

O mọ̀ pé lẹ́tà òjé la fi ń tẹ̀wé nígbà tèmi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ́gi Harper's Weekly fi ń dùn mọ́ mi. New York ni ìwé ìròyìn náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1857. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè tẹ fọ́tò pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà wọ́n ń gbẹ́ ẹ sára igi boxwood, lójú ibi tí wọ́n ti gé e ní ìbú, torí ibẹ̀ ló le jù. Igi náà kì í tóbi. Wọ́n á so ègé mélòó kan pọ̀, wọ́n á yàwòrán sí i, wọ́n á tún tú u pín: ẹnìkan á gbẹ́ aṣọ, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ jù á gbẹ́ ojú. Òdìkejì sì ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ o! Gíga rẹ̀ bá ti lẹ́tà mu, wọ́n á jọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní February 1860, Mathew Brady ya Abraham Lincoln, ẹni tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, ní fọ́tò. Ọrùn ọkùnrin náà gùn, Brady bá fa kọ́là rẹ̀ sókè. Fọ́tò yẹn ni Harper's gbẹ́. Èyí kò bí mi nínú. Ta ni kì í tún gèlè wé kó tó jókòó fún ayàfọ́tò?

Ti Thomas Nast, ayàwòrán Harper's, ló ń dùn mí. Ní 1865, ó ya sójà aláwọ̀ dúdú kan tó ti pàdánù ẹsẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yẹn, ó ń béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò fún un. Ní 1870, wọ́n gbẹ́ ojú Hiram Revels, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di sẹ́nétọ̀ ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ti ọlọ́lá èyíkéyìí. Àmọ́ ní March 1874, Nast yìí náà ya àwọn aṣòfin aláwọ̀ dúdú South Carolina sí iwájú ìwé: ètè wọn wú, ojú wọn yọ síta. Irin kan náà ni, igi kan náà ni.

Nítorí náà, fi imú ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Bó bá kówó jẹ, ẹ kọ iye tó kó sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ta kú, ní kó kọ orúkọ tirẹ̀ sí i, bí Harper's ṣe kọ orúkọ Brady. Wàá rí i bóyá ó máa gbà.

Ìyá rẹ ti lọ ẹ̀gúsí tó o béèrè. Pè é lálẹ́.

Bàbá rẹ